Òjò Kọ́ Ló Ń Pa Dẹ́ẹ̀kì Onípákó ní Lekki, Omi Tí Kò Rí Ọ̀nà Jáde Ni

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nínú gbogbo oṣù ọdún, oṣù wo lẹ rò pé dẹ́ẹ̀kì onípákó léwu jù lọ ní Lekki? Ọ̀pọ̀ yín á ní oṣù Kẹfà ni, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ya. Èmi ní oṣù Kejìlá ni.

Ìdí mi ò le. Láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá ni pákó ti ń mu omi, tí olú sì ti ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀ níbi tí ojú wa ò dé. Tó bá wá di Detty December, tí àwọn ará òkè òkun bá dé, tí DJ bá gbé orin sókè, èèyàn ọgọ́ta á gun orí pákó tí èèyàn mẹ́wàá péré ń jókòó lé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Wọn ò ní jókòó o, wọ́n á máa fò ni. Ìgbà tí agbára igi náà ti dín kù jù gan-an la máa ń di ẹrù tó wúwo jù lé e lórí.

Dẹ́ẹ̀kì tí mò ń sọ yìí kì í ṣe dẹ́kìn tí bíríkìlà ń da kọnkéré sí. Pèpéle onípákó ni mò ń wí: èyí tó wà níwájú ilé ìgbafẹ́ létíkun Ẹlẹ́gùṣì, èyí tó yí odò ìlúwẹ̀ẹ́ ká nínú ẹ́sítéètì, èyí tí wọ́n fi ṣe bàkónì ilé ayálégbé ní Ajah àti Ṣàngótẹ̀dó, àti ojú ọ̀nà onípákó tó gba orí irà kọjá nínú Lekki Conservation Centre, ọgbà igi àti ẹranko tó ti wà láti ọdún 1990. Ní ilẹ̀ tóóró tí òkun wà lápá kan rẹ̀, tí ọ̀sà wà lápá kejì yìí, àwọn èèyàn fẹ́ràn pákó gan-an ni. Mi ò dá wọn lẹ́bi, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èrò mi rèé, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ẹ̀rí, kó wá bá mi jiyàn: òjò kọ́ ló ń pa àwọn pèpéle yìí. Omi tó wọlé tí kò rí ọ̀nà jáde ló ń pa wọ́n. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé, púpọ̀ nínú owó tí à ń ná láti fi dáàbò bo pákó ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ omi náà sínú.

Olú ló ń jẹ ẹ́, omi ló ń ṣílẹ̀kùn fún un

Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè másítà nínú ìmọ̀ àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín, olú àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni iṣẹ́ mi dá lé. Torí náà, ẹ jẹ́ kí n fi ojú olú wo pákó fún yín.

Kí igi tó di pákó, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé omi láti gbòǹgbò lọ sí ewé. Inú rẹ̀ kún fún ihò tóóró-tóóró tó tò gùn, bí ẹni pé a di ẹgbẹẹgbẹ̀rún strọ́ọ̀ tí a fi ń mu kóòkì pọ̀ lójú kan. Bí a bá gé igi lulẹ̀, tí a là á sí pákó, ihò wọ̀nyẹn ò parẹ́. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń gba ojú ibi tí ayùn ti gé pákó wọlé ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ lọ wo dẹ́ẹ̀kì àtijọ́ èyíkéyìí. Orí pákó níbi tí wọ́n ti gé e, àti ìdí ìṣó, ló máa ń kọ́kọ́ dúdú.

Omi fúnra rẹ̀ kì í jẹ igi. Olú ló ń jẹ ẹ́. Èyí tí ẹ máa ń rí tó yọ jáde lára igi jíjẹrà, èso rẹ̀ lásán ni, bí ọsàn ṣe jẹ́ fún igi ọsàn. Ara olú gan-an ni àwọn fọ́nrán tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, tí wọ́n ń rìn kiri nínú igi, tí wọ́n ń da oje síta láti fi yọ́ oúnjẹ wọn. Hóró rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo. Bí ẹ ṣe ń ka èyí, ẹ ń mí díẹ̀ sínú nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè lé e tán.

Nǹkan mẹ́rin ni olú nílò kó tó lè jẹ igi: oúnjẹ, afẹ́fẹ́, ooru, àti omi. Igi ni oúnjẹ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ wà níbi gbogbo. Ooru Èkó, ẹ mọ̀ ọ́n. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, omi nìkan ló kù tó wà níkàáwọ́ wa. Ìyẹn ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ ìtọ́jú pákó, ọ̀rọ̀ omi ni.

Oríṣi olú méjì ló wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́ máa ń jẹ sẹ́lúlóòsì, ohun tó ń fún igi ní okun, á sì fi igi náà sílẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, tó ń sán sí igun mẹ́rin mẹ́rin bí ẹrẹ̀ tó gbẹ. Ìkejì máa ń jẹ lígínì pẹ̀lú, ohun tó so ara igi pọ̀, á sì fi í sílẹ̀ ní funfun tó rọ̀ bí òwú. Èyí àkọ́kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí kì í kéde ara rẹ̀. Nígbà tí igi bá ṣì pàdánù ìdá 10 péré nínú 100 ìwúwo rẹ̀, agbára tó fi ń gba ìkọlù mọ́ra ti lè lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ẹ̀yin á ní igi ṣì ń bẹ, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ó ti di ẹ̀kọ.

Ìṣirò kékeré kan

Bí a ṣe ń wọn omi inú igi rọrùn. A máa ń fi ìwúwo omi wé ìwúwo igi náà nígbà tó bá gbẹ tán. Bí igi gbígbẹ bá jẹ́ kìlò 10, tí omi inú rẹ̀ jẹ́ kìlò 2, a ó ní ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú 100. Nọ́ńbà 20 yìí ni kí ẹ dì mú. Bí ọ̀rinrin igi ò bá kọjá rẹ̀, olú ò ní rí iṣẹ́ ṣe. Bó bá ti kọjá nǹkan bí 28 sí 30, àríyá ti bẹ̀rẹ̀ fún olú.

Kó tiẹ̀ tó di pé òjò rọ̀, igi máa ń mu omi látinú afẹ́fẹ́. Pákó tó wà ní Kánò nígbà ọyẹ́, ọ̀rinrin rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dé bíi 6. Ní Lekki ńkọ́? Afẹ́fẹ́ wa máa ń kún fún omi dé ìdá 80 sí 85 nínú 100, afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ á sì gbé igi tí òjò ò tíì kàn rárá dé nǹkan bí 16 sí 18. Ẹ rí i? Kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó bọ́, pákó wa ti dúró létí kànga. Ohun kékeré ló kù kó tì í sínú. Ìdí nìyí tí ohun tí ẹ rí lórí YouTube pé wọ́n ṣe sí dẹ́ẹ̀kì wọn ní aṣálẹ̀ Arizona ò fi lè tó wa níbí.

Iyọ̀ òkun tún wà níbẹ̀. Iyọ̀ máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, ó sì ń mú kí ìṣó dípatà kíákíá. Ìpatà gba àyè ju irin tó ti jáde wá lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà, bí ìṣó bá ti ń dípatà, ó ń wú, ó ń la igi, igi tó là sì ń mu omi sí i. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìṣó olówó pọ́ọ́kú ló ń la ẹnu ògiri náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Berkeley

Bí ẹ bá rò pé mò ń bẹ̀rù ojora lásán, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 2015, ní ìlú Berkeley, ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ọjọ́ìbí ẹni tó pé ọmọ ọdún 21. Àwọn 13 wà lórí bàkónì àjà karùn-ún ilé náà. Bàkónì náà já. Àwọn 6 kú, àwọn 7 farapa yánnayànna. Púpọ̀ nínú wọn ló wá láti orílẹ̀-èdè Ireland láti fi ìsinmi ọdún ṣiṣẹ́.

Ilé náà ò gbó o, kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn igi ìdábùú tó gbé bàkónì náà ti jẹrà wọ inú. Omi ti wọ inú igi, wọ́n sì ti fi àwọn ohun tó yẹ kó dènà omi dé igi náà mọ́lẹ̀. Omi ò lè jáde, afẹ́fẹ́ ò lè wọlé gbẹ ẹ́. Lókè, ilẹ̀ bàkónì náà dúró rekete. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní ọdún 2018, California ṣe òfin pé kí wọ́n máa yẹ bàkónì àti pèpéle onígi nínú àwọn ilé ayálégbé wò ní ọdún mẹ́fà-mẹ́fà, kí wọ́n sì dé ibi tí igi fara sin sí. Ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ ju tiwa lọ ló ṣe òfin yẹn. Àwa tí à ń gbé láàárín òkun àti ọ̀sà ńkọ́?

Nǹkan mẹ́rin tí mo lòdì sí

Àkọ́kọ́ ni kápẹ́ẹ̀tì koríko ayédèrú. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó ní àwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí pákó kí fọ́tò lè dára. Bí òjò bá rọ̀ lónìí, orí pákó lásán á gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀ bí oòrùn bá yọ. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ò ní gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, òjò mìíràn á sì ti dé. Bí ẹnì kan bá sọ pé kí n ṣe ilé fún olú, kápẹ́ẹ̀tì yìí gan-an ni máa tẹ́. Bákan náà ni ìkòkò òdòdó tó jókòó sójú kan láti ọdún dé ọdún.

Ìkejì ni fánìṣì tàbí ọ̀dà tí wọ́n kùn sórí igi tútù. Fánìṣì máa ń ṣe awọ lójú igi. Oòrùn wa á sán awọ náà láìpẹ́, torí igi ń wú, ó ń sún kì, awọ ò sì lè bá a jó ijó yẹn títí. Omi á gba ojú sísán wọlé, awọ tó kù á sì dì í mọ́bẹ̀. Nílé kan tí mo gbé rí ní Ajah, pákó bàkónì ti ń rì sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. A sọ fún lánlọ́ọ̀dù. Ó rán èèyàn wá kun ọ̀dà aláwọ̀ eérú sí i, ó sì fi owó kún owó ilé. Mo mú ṣúkúrù-díráfà gún igi náà lábẹ́ ọ̀dà tuntun yẹn, ó wọlé dé ìdí. Ọ̀dà kì í wo igi sàn. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé igi jíjẹrà kó tó gba ayálégbé tuntun, mi ò mọ orúkọ mìíràn tí a lè fún un ju ẹlẹ́tàn lọ.

Ìkẹta ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, tí a ń pè ní kọ́ńdẹ̀m. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá wa fi ń lé ikán, mo sì mọ̀ pé owó rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n inú ọ́ìlì yẹn ni ìyẹ́rẹ́ irin ẹ́ńjìnnì wà, àti àwọn kẹ́míkà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Òjò á fọ̀ ọ́ wá sílẹ̀. Ní Ajah àti Badore, omi abẹ́ ilẹ̀ ò jìnnà, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ń mu kànga tàbí bóòhóòlù tí kò jìn. Ohun tí ẹ kùn sí pákó lónìí, ẹ lè fi wẹ ọmọ lọ́dún tó ń bọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ó ń gbaná.

Ìkẹrin ni omi AC. Èyí gan-an ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Òjò Èkó máa ń sinmi nínú ẹ̀ẹ̀rùn. AC kì í sinmi. Rọ́bà rẹ̀ á máa kán tó, tó, tó sórí pákó kan náà lójoojúmọ́, tọyẹ́-tòjò. Ojú ibẹ̀ ò lè gbẹ láé. Bí ẹ bá fẹ́ wá ibi tí dẹ́ẹ̀kì ilé ìgbafẹ́ kan ti ń kú lọ, ẹ má wo ibi tí òjò ń bá, ẹ wo abẹ́ AC àti abẹ́ táǹkì tó máa ń kún jáde. Rọ́bà tó gùn ní mítà méjì ló máa tún un ṣe.

Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é, nígbà náà?

Ẹ yan igi kó tó kan ìṣó. Ìrókò, apá, ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ekki le gan-an. Arère, tí wọ́n ń pè ní obeche, ò yẹ kó dé ìta rárá, inú ilé ni iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: orúkọ igi nìkan ò tó. Àárín igi tó pọ́n tàbí tó dúdú ni igi fúnra rẹ̀ ti fi kẹ́míkà tó ń lé olú sí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó funfun ò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ìrókò. Bí wọ́n bá gbé pákó ìrókò wá fún yín tí ìdajì rẹ̀ funfun, ìdajì ìrókò lẹ rà.

Ẹ jẹ́ kí omi kọjá. Kápẹ́ńtà tó mọṣẹ́ á fi ìṣó íńṣì mẹ́rin sáàárín pákó méjì kó tó kan wọ́n mọ́lẹ̀, á sì yọ ọ́ lẹ́yìn náà. Àlàfo tó kù, tó tó nǹkan bíi mílímítà márùn-ún, ni òjò á gbà sọ̀kalẹ̀, òun náà ni afẹ́fẹ́ á gbà gòkè. Bí ilẹ̀ bá dún, ẹ gbá àlàfo náà, torí ewé àti iyanrìn tó bá dí i ti di kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ kọjá. Ẹ má sin òpó mọ́ ilẹ̀. Ẹ gbé e lé orí kọnkéré tó ga díẹ̀, kí irin wà láàárín igi àti kọnkéré.

Ẹ di orí pákó. Gbogbo ibi tí ayùn bá ti kọjá, ẹ fi òróró igi tàbí ohun ìdènà omi kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kàn án. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ṣùgbọ́n bóyá ló fi wà nínú ilé kan nínú mẹ́wàá tí mo ti yọjú wò. Lójú pákó, òróró tó ń wọ inú igi dára ju fánìṣì tó ń ṣe awọ lọ, torí kò ní dí omi mọ́nú, kò sì ní bó. Ẹ kán omi díẹ̀ sórí pákó láti mọ̀ bóyá ó ti yẹ kí ẹ tún kùn ún: bí omi bá ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀, ó kù dáadáa, bí ó bá wọlé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àkókò ti tó. Ẹ má ṣù àkísà tí ẹ fi kun òróró línísíìdì pọ̀ sójú kan o. Bó ṣe ń gbẹ ló ń gbóná, ó sì lè gbaná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ.

Ẹ lo ìṣó tàbí ṣúkúrù tí kì í dípatà. Mo mọ̀ pé ó wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi irin olóṣù mẹ́fà di igi ogún ọdún mú létí òkun.

Ní ti àtúnṣe, ẹ dúró de ọyẹ́. Láti ìparí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni igi wa máa ń gbẹ jù. Ẹ wọ abẹ́ dẹ́ẹ̀kì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi òòlù kan igi: igi tó le á dún kó-kó, èyí tó ti jẹrà á dún bù-bù. Ẹ fi ẹnu ṣúkúrù-díráfà tú igi díẹ̀: igi tó yè á ya ní fọ́nrán gígùn, èyí tí olú ti jẹ á ṣẹ́ pẹ́kí bí bisikíìtì. Ẹ tẹjú mọ́ ibi tí ìdábùú ti kan ògiri, ibẹ̀ ni omi máa ń sá pamọ́ sí.

Tí ẹ bá rí jíjẹrà, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wá kí ẹ tó mú ayùn. Ẹni tó pààrọ̀ pákó láì tún rọ́bà AC ṣe, oúnjẹ tuntun ló gbé fún olú. Lẹ́yìn náà, ẹ gé kọjá ibi tí ojú yín rí ní nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, torí fọ́nrán olú ti lọ síwájú ju ohun tí ẹ rí lọ. Ẹ má gbà fún kápẹ́ńtà tó bá fẹ́ fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù dí ihò lára ìdábùú. Ìyẹn dára fún ẹsẹ̀ tábìlì, kò dára fún ohun tí èèyàn ń gùn. Bí dẹ́ẹ̀kì náà bá sì ga kúrò nílẹ̀, ẹ pe ẹnjiníà, ẹ má dánìkan ṣe é.

Ṣé ká kúkú pa igi tì ni?

Àwọn kan á ní, "Wàhálà yìí ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká da kọnkéré sí gbogbo rẹ̀." Mo gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Iyọ̀ òkun ò dá irin inú kọnkéré sí, ìpatà ń la òun náà. Kọnkéré tún ń dí ilẹ̀ tó yẹ kó mu omi òjò, lágbègbè tí àgbàrá ti ń wọlé bá wa sùn.

Igi ò bẹ̀rù omi. Bí ẹ bá ń gba orí Third Mainland Bridge kọjá, ẹ wo Makoko. Lórí òpó igi nínú ọ̀sà ni ilé wọn wà. Ìsàlẹ̀ òpó tó rì sínú ẹrẹ̀ pátápátá, olú ò lè jẹ ẹ́, torí kò rí afẹ́fẹ́ tó níbẹ̀. Ibi tí omi ń gòkè sọ̀kalẹ̀, tó ń tutù tó ń gbẹ, tí afẹ́fẹ́ àti omi ti pàdé, ibẹ̀ ni olú fẹ́ràn. Ní orílẹ̀-èdè Norway, ṣọ́ọ̀ṣì onígi kan wà ní Borgund tó ti dúró láti nǹkan bí ọdún 1180. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìran tó ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n gbin òpó wọn mọ́ ilẹ̀ ti jẹrà tipẹ́. Èyí tí wọ́n gbé lé orí òkúta, tí wọ́n ń fi ọ̀dà igi kùn látìgbàdégbà, ló ṣẹ́kù. Igi kan náà, òjò àti yìnyín kan náà. Ọ̀nà tí omi ń gbà jáde ló yàtọ̀.

Igbó wa náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES fi igi apá ti ilẹ̀ Áfíríkà sí ara àwọn igi tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń tà á káàkiri ayé, torí ó ń tán lọ. Igi tó gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dàgbà, tí a wá jẹ́ kó jẹrà láàárín ọdún mẹ́rin nítorí kápẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà AC, ẹ̀ṣẹ̀ gidi ni lójú tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ ká béèrè

Ẹ̀yin ayálégbé, kí ẹ tó san owó ilé tó ní bàkónì onípákó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà ti dá yín lóhùn. Ẹ̀yin onílé ìgbafẹ́, ẹ kó kápẹ́ẹ̀tì kúrò, ẹ yẹ ìdábùú wò nínú oṣù Kọkànlá kí àlejò tó dé, ẹ sì kọ iye èèyàn tó lè gun dẹ́ẹ̀kì síbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ tó ń mójú tó ilé kíkọ́, LASBCA. Ojú ilé alájà gíga tó fẹ́ wó ló pọ̀ jù lára rẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n dẹ́ẹ̀kì onípákó tí èèyàn ọgọ́rùn-ún ń jó lé lórí náà yẹ kó wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́dọọdún kí oṣù Kejìlá tó wọlé.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Pákó kan tí ẹ pààrọ̀ lónìí, owó díẹ̀ ni. Ìdábùú kan tí ẹ fi sílẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, ẹ ò lè sọ iye tó máa ná yín, ẹ ò sì lè sọ ọmọ ẹni tó máa wà lórí rẹ̀. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ yọjú sábẹ́ dẹ́ẹ̀kì yín lópin ọ̀sẹ̀ yìí.